Mọ́tò mi ń gbọ̀n jìgìjìgì láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ gíà rẹ̀

Ìyá_Tòmíwá (Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi dé. Camry ni mò ń wà, Big Daddy ọdún 2004, onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin. Gíà rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá ti ń gun òkè Màpó, ẹ́ńjìnì á máa ké, mọ́tò ò ní lọ. Mẹkáníìkì mi ní ká má wulẹ̀ tún un ṣe, ká kúkú ra tòkunbọ̀. A lọ sí ọjà páàtì ní Gate, a rà á, wọ́n fi ọjọ́ méjì gbé e sí i.

Gíà ọ̀hún ò ní wàhálà. Ó ń wọlé jẹ́jẹ́, ó ń gbéra dáadáa. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gba mọ́tò jáde ló ti ń gbọ̀n. Tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ bíríìjì Mọ́lété, tí gíà wà ní D, tí mo tẹ bíréèkì, sitíárìn á máa jó lọ́wọ́ mi, díńgí àárín á máa gbọ̀n débi pé n kò ní dá ojú ẹni tó wà lẹ́yìn mi mọ̀. Tí mo bá fi sí N, á fúyẹ́ díẹ̀, kì í tán. Tí mo bá ń sáré, màá máa gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àti ní ìdí àga, bí ẹni jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta.

Mẹkáníìkì ní síìtì ẹ́ńjìnì ni, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì ń jókòó lé. A ra méjì, ti iwájú àti ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí bákan náà. Ó wá tún ní ṣáàfù ni, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíà lọ yí táyà, kí n lọ mú owó ṣáàfù méjèèjì wá. Ibẹ̀ ni mo ti ní ó tó, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ṣé gíà tí a rà ni kò dáa ni? Ọjọ́ méje ni ẹni tó tà á fún wa ní ká fi dán an wò, ó ku mẹ́ta.

Dẹ́rẹ́bà_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ajé, 7:58 alẹ́)

Síìtì ni jàre. Mẹ́rin ló wà nídìí ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ ra méjì, ẹ wá ń retí ìyanu? Èyí tó ti gbó á máa fa èyí tó tuntun ni. Ẹ ra méjì tó kù, tòkunbọ̀ sì ni kí ẹ rà. Àwọn èyí tí wọ́n ń yọ látinú páálí yẹn, rọ́bà lásán ni.

Alhaji_Páàtì (Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́)

Èmi náà ń ta páàtì ní Gate. Èmi kọ́ ni mo ta ti ìyá yìí fún wọn o, kí ẹnikẹ́ni má dà á lé mi lórí.

Ẹ má tíì dá gíà padà. Gíà tó bá bàjẹ́ ní àmì: á yọ̀ (ẹ́ńjìnì á ké, mọ́tò ò ní lọ), á lu gbàgà tí ẹ bá fà á sí D tàbí R, á pẹ́ kó tó mú, tàbí kó jókòó sí ojú kan kó kọ̀ láti yí. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí ẹ kọ. Tí ẹ bá dá a padà, wọ́n á tún sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ẹ ó tún san owó iṣẹ́, ẹ ó tún ra óìlì, òmíràn tí wọ́n bá gbé sí i á sì tún gbọ̀n. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó gbé e sí i.

Ọmọ_Poly_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Alhaji, ẹ má bínú, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe níbẹ̀. Gíà tòkunbọ̀ kì í dá wá. Torque converter máa ń bá a wá, ìyẹn agbada irin róbótó tí óìlì kún inú rẹ̀, tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń yí, mọ́tò ìbáà dúró. Wọ́n máa ń jó irin pélébé mọ́ ọn lára kó lè yí déédéé, bí fọganáísà ṣe ń lẹ òjé mọ́ rímù. Tí irin yẹn bá já, gíà á máa wọlé dáadáa, mọ́tò á sì máa gbọ̀n. Ẹ ò lè torí pé gíà ń wọlé kẹ́ ẹ ní kò lẹ́bi.

Alhaji_Páàtì (Ọjọ́ Ajé, 8:59 alẹ́)

Ó ṣeé ṣe, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo gíà tí mo ti tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé irú rẹ̀ padà wá bá mi. Àwọn tí wọ́n gbé wá pé ó ń gbọ̀n, tó jẹ́ pé ọwọ́ mẹkáníìkì ló bà á jẹ́, n kò lè kà wọ́n.

Bàbá_Ológunẹrú (Ọjọ́ Ajé, 9:37 alẹ́)

Ẹ kú àsọyé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá owó tí mo ná á wúlò fún ẹlòmíràn.

Tiny light ni mo ní nígbà náà, Camry ọdún 2000. Wọ́n sọ gíà rẹ̀ kalẹ̀ nítorí síìlì tó ń jò, wọ́n gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Mo gbà á, ó di ọ̀nà ilé. Bí mo ṣe ré kọjá Ẹlẹ́yẹlé tí mo tẹ iná sí i, gbogbo ara mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní táyà ni, mo ra méjì. Ẹnì kejì ní síìtì ni, mo ra mẹ́ta. Ẹnì kẹta ní óìlì gíà ni, wọ́n dà á nù, wọ́n rọ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń pààrà, ìyá àwọn ọmọ mi sì ti ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́, pé ìbàdí ń dun òun. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan tí kò tíì gba fírídọ̀mù ló rí i. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó di ṣáàfù ọwọ́ ọ̀tún mú, èyí tó gùn jù, ó mì ín, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Ṣáàfù yẹn ní bẹ́árìn kan láàárín, inú irin kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ẹ́ńjìnì ló ń jókòó sí. Àwọn tó gbé gíà padà kò fún bóòtù náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi yí i wọlé, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Sípánà kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Táyà, síìtì, óìlì, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ìyá Tòmíwá, kí ẹ tó ra ṣáàfù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo gbogbo bóòtù tí wọ́n tú. Ṣé ó ń gbọ̀n kí wọ́n tó pààrọ̀ gíà?

Ìyá_Tòmíwá (Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́)

Rárá o, Bàbá. Yíyọ̀ nìkan ló ń yọ̀. Tó bá ti dúró lójú kan, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun, sà.

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Mẹkáníìkì ni mí, gíà ọ̀tọ́mátíìkì ni mo ń ṣe jù. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ẹ ń dárúkọ oògùn, kò sẹ́ni tó tíì bi aláìsàn pé ìgbà wo gan-an ló ń dùn ún.

Mọ́tò tó ń gbọ̀n, ó lè máa tẹ̀ lé yíyí ẹ́ńjìnì, ó lè máa tẹ̀ lé yíyí ẹsẹ̀ mọ́tò (táyà àti ṣáàfù), ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fa ẹrù nìkan ló ń ṣe é. Ti Bàbá Ológunẹrú, ìgbà tó bá ń fa ẹrù ni, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀. Ti ìyá yìí ò tíì yé mi, nítorí ó jọ pé ó ń ṣe é lójú kan, ó tún ń ṣe é lójú ọ̀nà.

Ìyá, ẹ bá mi ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò ní ná yín ju epo lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ fi sí P, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ẹ́sì. Ẹ rọra tẹ iná títí abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fi dé 1,500, ẹ dì í mú díẹ̀. Ẹ lọ sí 2,000, ẹ dì í mú. Lẹ́yìn náà 2,500. Ṣé ó ń gbọ̀n? Ibo ló ti pọ̀ jù? Lójú kan yẹn, táyà ò yí, ṣáàfù ò yí. Tó bá gbọ̀n níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ṣáàfù lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má tẹ iná, ẹ fi sí D, ẹ fi sí N, ẹ fi sí R. Tó bá jẹ́ D àti R nìkan ló ti burú, ẹ fura sí síìtì, tàbí kó jẹ́ pé RPM ti lọ sílẹ̀ jù ní ìdúró, tàbí kí pọ́lọ́ọ̀gì kan máa mísì, ìyẹn ni pé kì í tan iná déédéé.

Ìkẹta, ẹ wá ojú ọ̀nà tó dá, ẹ má lọ ṣe é lórí Lagos sí Ìbàdàn kí tírélà má lọ gorí yín. Ẹ sáré dé 80, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ ti gíà sí N. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ o, sitíárìn á le, bíréèkì á le. RPM á já wálẹ̀, mọ́tò á ṣì máa yí lọ. Tí ìgbọ̀n ọ̀hún bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ mọ́tò ni. Tó bá bá RPM lọ, ẹ́ńjìnì ni tàbí ohun tó so mọ́ ọn.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ lọ láàárín 60 sí 80, ẹ di ẹsẹ̀ mú lórí iná bó ṣe wà, ẹ wá fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, kí iná ẹ̀yìn ṣáà tàn. Bíréèkì yẹn ló ń sọ fún gíà pé kó tú torque converter sílẹ̀. Tí ìgbọ̀n bá dá wáí lójú ẹsẹ̀, ìgbà tí torque converter bá ṣe ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì ló ń gbọ̀n, óìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sì sábà máa ń fà á. Ọ̀pá tí ẹ fi ń wo óìlì gíà, wọ́n kọ orúkọ óìlì tó ń mu sí i lára. Mélòó nínú wa ló ń kà á?

Dẹ́rẹ́bà_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:44 àárọ̀)

Ọ̀gá, N lórí eré? Ṣebí ẹ̀yin mẹkáníìkì náà lẹ máa ń sọ pé ó ń ba gíà jẹ́.

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Èyí tó ń ba gíà jẹ́ ni tàwọn tó ń pa ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń fi N sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kí epo má baà tán, àti àwọn tó ń fi okùn wọ́ ọ̀tọ́mátíìkì láti Tollgate dé Ọ̀jọ́ọ̀ láìtan ẹ́ńjìnì. Tí ẹ́ńjìnì ò bá ṣiṣẹ́, pọ́ńpù inú gíà ò fa óìlì, irin á máa họ irin. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn ò ṣe é ní nǹkan kan. Kí wọ́n má ṣáà tẹ iná nígbà tí wọ́n bá ń fà á padà sí D.

Rewire_Sángo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ síkáànì rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kóòdù àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Kí wọ́n tó sọ gíà kalẹ̀, wọ́n ní láti yọ bátìrì, yọ ilé fítà, yọ orí wáyà bíi mélòó kan, yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì tó de gíà mọ́ bọ́dì. Mo ti rí èyí tí kọ́ìlì kan (tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná) ò wọlé tán lẹ́yìn irú iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì pààrọ̀ síìtì. Tí ẹ bá rí kóòdù P0300, tàbí P0301 títí dé P0304, ẹ́ńjìnì ló ń mísì, kò kan gíà. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n fetí sílẹ̀ bóyá rọ́bà afẹ́fẹ́ kan ń fọn.

Ìyá_Tòmíwá (Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́)

Mo ti dé o. Ọmọ àbúrò mi ló jókòó tì mí, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Síkáànì: kò sí kóòdù kankan. Rewire wo gbogbo orí wáyà, ó ní wọ́n wọlé.

Ní P: 1,500, ó ń gbọ̀n díẹ̀. 2,000, ó pọ̀. 2,500, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ń ké, owó ṣíńṣì tó wà nínú àwo ń fò. Ó tún ń dún kó-kó-kó díẹ̀ nísàlẹ̀, n kò gbọ́ ìyẹn rí tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí rédíò tí mo máa ń tàn ni.

Ní D lójú kan: ó burú. R: ó burú jù D lọ. N: ó kéré sí i.

Lójú ọ̀nà, a lọ sí ọ̀nà Ọmi-Adió ní ìdájí kí èrò tó pọ̀. Ní 80, mo ti i sí N, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Mo fà á padà sí D, mo tẹ iná, ó padà dé. Èyí tí ẹ ní ká fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì, kò yí nǹkan kan padà.

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ gbàgbé ṣáàfù, ẹ gbàgbé táyà fún ìsinsìnyí. Óìlì náà bọ́ lọ́rùn. Ohun tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ló ń gbọ̀n, ó sì jẹ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé gíà. Ohun méjì ló wà níbẹ̀: flywheel àti torque converter.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì rí i. Lórí ọ̀tọ́mátíìkì, flywheel kì í ṣe irin kìǹbà bíi ti oníkílọ́ọ̀ṣì. Irin pẹlẹbẹ ni, kò nípọn, etí rẹ̀ ni sítátà ń mú. Wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ìdí kiráńkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì ń yí, wọ́n wá fi bóòtù mìíràn de torque converter mọ́ ọn. Lórí Big Daddy, bóòtù mẹ́fà ló ń di torque converter mú. Kúkúrú ni wọ́n, orí wọn kéré, ìwọ̀n wọn sì ní ìdí. Tí ọ̀kan bá sọnù, tàbí tí wọ́n fi bóòtù tó wúwo ju àwọn yòókù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti di táyà tí kò bálánsì, tó tún ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó gùn jù ló tiẹ̀ burú jù: ṣóńṣó rẹ̀ á wọ inú, á ti ojú torque converter wọnú níbi tí kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti ń tẹ̀ mọ́ ọn.

Kó-kó-kó tí ẹ gbọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n fi falẹ̀. Bóòtù tó dẹ̀ máa ń ké bẹ́ẹ̀. Flywheel tó sán náà máa ń ké bẹ́ẹ̀, àyíká ìdí kiráńkì ló sì ti máa ń sán. Ẹ má fi mọ́tò yẹn rìn jìnnà mọ́ títí wọ́n á fi wò ó.

Wọn kò ní láti sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ìdérí kékeré kan wà níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíà ti pàdé. Kí wọ́n ṣí i, kí ẹnì kan máa fi sípánà yí púlì kiráńkì díẹ̀díẹ̀, kí bóòtù kọ̀ọ̀kan máa wá sójú ihò. Kí wọ́n ka mẹ́fà pé. Kí wọ́n fún un wò. Kí wọ́n yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, kí wọ́n fi ojú wọn wé ara wọn.

Ọmọ_Poly_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Tí bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pé ńkọ́? Mo rò pé wọ́n lè yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ti torque converter sẹ́yìn kúrò lára flywheel, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá dákẹ́, torque converter lẹ́bi. Tó bá ṣì ń gbọ̀n, flywheel ni tàbí ẹ́ńjìnì. Wọ́n sì lè yí torque converter sí ojú ihò mìíràn, bóyá wọ́n á bára wọn mu.

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́rú, 9:41 alẹ́)

Àkọ́kọ́ dáa, mo máa ń ṣe é, kí wọ́n ṣáà rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń kanra kí wọ́n tó tan iná. Èkejì, rárá, kì í ṣe lórí Toyota yìí. Ọ̀kan nínú bóòtù mẹ́fà yẹn yàtọ̀ láwọ̀, dúdú ni. Òun la kọ́kọ́ ń fi sí, òun ló ń tọ́ka ojú tí torque converter yóò jókòó sí, kí márùn-ún tó kù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ̀, á kàn máa rọ gbogbo rẹ̀ wọlé bó bá ṣe bá a lọ́wọ́.

Dẹ́rẹ́bà_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́rú, 9:55 alẹ́)

Ẹ ti gbàgbé síìtì pátápátá. Ìyá ní D burú ju N lọ, R burú jù. Bóòtù mélòó ló mọ̀ bóyá gíà wà ní D tàbí N?

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́rú, 10:08 alẹ́)

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Àìsàn méjì ló wà lára mọ́tò yìí, èkejì sì jẹ́ ti síìtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí wọ́n tún lọ ra méjì sí i. Ìyá, síìtì iwájú tí wọ́n yọ, ṣé ẹ rántí bóyá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ ọn? Síìtì iwájú Big Daddy kì í ṣe rọ́bà lásán. Ẹ́ńjìnì ń fi afẹ́fẹ́ fà á nípasẹ̀ rọ́bà yẹn kó lè gba ìgbọ̀n mọ́ra nígbà tí mọ́tò bá dúró ní D. Tí wọn ò bá dá rọ́bà náà padà, tàbí tí èyí tí wọ́n rà fún yín ò ní ẹnu tí rọ́bà á wọ̀, D àti R á máa gbọ̀n.

Tí wọ́n bá sì gbé síìtì padà, kí wọ́n má fún bóòtù rẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n dẹ gbogbo rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fà á sí D, sí R, sí D, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ wá ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pa á, kí wọ́n fún un.

Fọganáísà_Challenge (Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀)

Ìyá ní ó FẸ́RẸ̀Ẹ́ tán ní N. Kò tán. Mo ń sọ tèmi sílẹ̀ báyìí, ẹ ó padà wá bá mi.

Ìyá_Tòmíwá (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ o.

Mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ bínú. Ó ní ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́ lórí fóònù. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi ṣí ìdérí kékeré yẹn, màá san owó rẹ̀. Ó ṣí i. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń yí púlì níwájú, òun ń kà á nísàlẹ̀. Ọ̀kan. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Ihò kẹfà ṣófo. Ó ní kí ọmọ náà tún un yí, bóyá òun ṣi kà ni. Ihò ọ̀hún tún yí wá, ó ṣófo.

Ó yọ márùn-ún yòókù. Mẹ́ta jọra, méjì ò jọ wọ́n rárá: orí wọn tóbi, wọ́n sì ki wáṣà méjì-méjì bọ̀ wọ́n kí wọ́n má baà gùn jù. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ọ̀kan tiẹ̀ ti dẹ̀, ọwọ́ lásán ló fi yọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ọmọ kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

A fi iná wo flywheel kiri, kò sán, a dúpẹ́. Mo kọ̀wé sí Alhaji, wọ́n ní kí n má ra bóòtù lọ́dọ̀ oníbóòtù, kí n wá ẹni tó ń tú gíà tó ti kú, kí n ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára ọ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ọ̀kan nínú wọn dúdú lóòótọ́. Wọ́n fi í sí, wọ́n fún un, a tan ẹ́ńjìnì, a lọ sí 2,500. Owó ṣíńṣì mi kò mira.

Ó wá ku ti D. Mo béèrè rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: wọ́n ti fi ìṣó onídè dí i lẹ́nu! Síìtì tuntun tí a rà kò ní ẹnu tí rọ́bà yẹn lè wọ̀, ni wọ́n bá dí i, wọ́n sì gbé e sápá kan. Ó ku díẹ̀ kí n pariwo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kì í da nǹkan nù, síìtì àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù mi, wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì wé e. Wọ́n gbé e padà, wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n ṣe é bí Ọ̀gá ṣe ní kí wọ́n ṣe é, D, R, D, kí wọ́n tó fún un. Mo ti dúró lábẹ́ Mọ́lété lónìí fún ogún ìṣẹ́jú. Mo rí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ẹni tó ń fọn fèrè náà, mo rí i.

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀gá Ìdí-Apẹ́, Olúwa á máa fún yín ní iṣẹ́ gidi.

Dẹ́rẹ́bà_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ṣé mo sọ? Síìtì!

Ọmọ_Poly_Ìbàdàn (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:43 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n ra méjì sí i. Èyí tó gbó ni wọ́n gbé padà.

Alhaji_Páàtì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 alẹ́)

Kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ pé gíà Gate kò dáa. Ìyá, kí ẹ dá síìtì tuntun yẹn padà fún ẹni tó tà á, páàtì mọ́tò mìíràn ni wọ́n kó fún yín.

Bàbá_Ológunẹrú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 alẹ́)

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Sísọ̀ gíà, bóòtù tó máa ń pọ̀ nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan wà tí wọ́n bá mi sọ ti ẹlòmíràn kalẹ̀, bóòtù mẹ́ta ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n gbé e tán, wọ́n ní "Bàbá, òyìnbó ló fi àfikún sí i."

Sienna_Mọ́níyà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:14 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, Sienna tèmi náà ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n tún gíà rẹ̀ ṣe. Kí ló lè fà á?

Ọ̀gá_Ìdí_Apẹ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:20 alẹ́)

Fi sí P, gbé e lọ sí 1,500, 2,000, 2,500, lẹ́yìn náà kí o wá sọ ohun tó o rí. Ṣùgbọ́n ṣí ojú ìwé tìẹ, má jẹ́ ká dà á pọ̀ mọ́ ti ìyá.

Ìyá_Tòmíwá (Ọjọ́ Àìkú, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

A dé láti Abẹ́òkúta. Gbogbo ọ̀nà ló dákẹ́, àfi tí mo bá ti lé ní 100, sitíárìn á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ti i sí N, ìgbọ̀n náà kò lọ. Fọganáísà Challenge, aago mélòó lẹ máa ń ṣí?

Fọganáísà_Challenge (Ọjọ́ Àìkú, 4:51 ìrọ̀lẹ́)

Aago méje àárọ̀, ìyá mi. Táyà iwájú méjèèjì ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ta síìtì fún yín kí ẹ tó dé.